Aṣọ Òtútù Tí Mo Hun Lọ́dún Náà

Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, mi ò lè ká ìka ọwọ́ mi kò láàárọ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ kì wọ́n bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n yé fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ nítìn mọ́. Wọ́n ní súwẹ́tà kún ọjà, ta ni yóò tún jókòó máa hun ún. Mò ń gbọ́ wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó lásán, ọkàn mi a máa padà sí ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán, sí ọdún kan ṣoṣo tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ọdún tí wọ́n ní a kì í ṣe ara Kàdúná mọ́, pé Ìlọrin ni ìjọba wa yóò máa wà. Ọdún yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ tó nípọn, èyí tó ní ebè àti poro bí oko ẹ̀pà. Ọdún yẹn náà ni mo mọ̀ pé ó lè rẹ ènìyàn kọjá ibi tí oorun lè tún ṣe.

Ilé wa kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ilé ìdáná sì dá dúró lẹ́yìn lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá mi ti máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun ní agbo ilé àwọn Mùsùlùmí tó wà lókè wa. Ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀, igi tí ó ń là. Lẹ́yìn igi, omi tí ó ń dà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn omi, ohùn Ìyá Àgbà láti inú yàrá rẹ̀, tí ń pe orúkọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe àwọn ọmọ tí kò jẹ́ ìpè. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Láti ìgbà òjò ọdún náà ni òtútù ti wọ inú ara rẹ̀ tí kò sì jáde mọ́. Orúnkún rẹ̀ wú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà, oòrùn a sì máa ràn kí ó máa gbọ̀n. Ìyá mi ló ń yọ́ òrí lórí iná fi ra á lára láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sí balùwẹ̀, ó ń pọ̀n ọ́n bọ̀, àgbàlagbà tó ti pọ̀n bàbá mi rí. Bàbá wà ní Bàbáńlá níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ wálé, ọ̀sán Sọ́ńdè ló ń padà. Ìyá mi nìkan ló ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ àti oko ẹ̀pà, òun náà ló ń gún iyán tí gbogbo wa ń jẹ. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí oyún méjì tó tẹ̀lé mi kò dúró. Iṣẹ́ tèmi kò pọ̀. Omi ni mò ń pọn láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, mo sì ń pọn ún nírọ̀lẹ́ bí mo bá dé. Mo máa ń ṣe é pẹ̀lú ìkùnsínú.

Àǹtí Bọ́lá dé láti Kàdúná ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn tí a ti kó ẹ̀pà wọlé. Àbúrò bàbá mi ni, òun ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Àpótí onírin kan àti àpò ńlá kan tí òwú wúlù kún inú rẹ̀ ló gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ rẹ̀ ní Kàdúná. Ọdún keje rèé tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí kò tíì bímọ, ọkọ náà sì ti gbé obìnrin mìíràn wọlé. Àǹtí kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tó dé. Ohun tó sọ ni pé òun wá sinmi díẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ó gba àpótí lórí rẹ̀, ó sì kó ẹrù tirẹ̀ kúrò nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa kí Àǹtí lè rí ibẹ̀ gbé. Ìyá mi ju Àǹtí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ìyá mi nínú ilé náà, Àǹtí sì jẹ́ ọmọ ilé. Ọmọdébìnrin ni Àǹtí nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wá, síbẹ̀ ìyá mi kò jẹ́ pè é lórúkọ. “Ẹlẹ́yinjú” ló ń pè é, nítorí ojú Àǹtí tó tóbi tó sì funfun. Àǹtí náà a máa pè é ní “Ìyàwó wa,” á sì máa sọ “ìwọ” fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbogbo ilé tí mo mọ̀, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa Àǹtí: kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó mú ìgbálẹ̀. Ìyá Àgbà rí i láti orí ẹní rẹ̀, ó sì bi í léèrè pé kí ni ìyàwó wà fún nínú ilé. Ìyá mi fúnra rẹ̀ sáré wá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí tún gbìyànjú láti lọ ata lọ́jọ́ kẹta, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà kò dán an wò mọ́. Ó gbé àga kékeré sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó kó abẹ́rẹ́ gígùn méjì síta, ó sì ń hun púlóvà aláwọ̀ eérú kan tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìró abẹ́rẹ́ náà, kẹ́-kẹ́-kẹ́, wá di ọ̀kan nínú ìró ilé wa, pẹ̀lú ìró odó àti igbe awó. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní ti ọkọ òun ni, pé ibi gíga ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, atẹ́gùn sì máa ń fẹ́ wọ ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìjọba tuntun gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Bàbá ní rédíò oníbátìrì kan tó máa ń gbé bọ̀ láti Bàbáńlá, àwọn ọkùnrin a sì máa péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé. Inú wọn ń dùn. Bàbá ní wọn yóò pín àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Kàdúná, oníkálukú yóò sì padà sí apá ilé rẹ̀. Ó wo Àǹtí, ó ní ọkọ rẹ̀ náà kò ní pẹ́ dé Ìlọrin, pé ọ̀nà kò sì jìn mọ́. Àǹtí kò gbé ojú sókè lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá mi wà ní ẹ̀yìn, ó ń gún iyán fún àwọn àlejò náà. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ báyìí, gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìjọba nínú ilé wa ni odó ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Bàbá jókòó ti ìyá rẹ̀ ó rí bó ṣe ń gbọ̀n. Ó bi Àǹtí bóyá ó lè hun nǹkan tó nípọn fún un. Àǹtí ronú díẹ̀. Ó ní bí òun bá parí ti ọwọ́ òun, òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó sàn kí òun kọ́ èmi, nítorí ọmọ obìnrin ló yẹ kó hun aṣọ fún ìyá àgbà rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Ó mú súwẹ́tà tirẹ̀ tó wọ̀ ní ilé ìwé tíṣà jáde, aláwọ̀ obì, ó tú u sínú igbá, ó fọ òwú rẹ̀, ó sì so ó rọ̀ sórí okùn pẹ̀lú òkúta kékeré nísàlẹ̀ kí ó lè nà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ́ ìhun lásán. Ìka mi ń lóòógùn, òwú ń di kókó, ohun tí mo hun sì fẹ̀ lókè ó tín nísàlẹ̀ bí ilá tó gbẹ. Àǹtí kì í bínú. Á fà á tú, á ní kí n tún un ṣe. Ìyá Àgbà a máa sọ láti orí ẹní pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní èyí tó nípọn. Kò sí orúkọ tó pè é ju “ojú ìsàlẹ̀” lọ. Nínú ìhun lásán, ojú òwú tó bá wà lórí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ kejì bọ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú àkọ́kọ́ a hun ún ní ẹ̀yìn, èyí ni pé a ó mú òwú wá síwájú abẹ́rẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe. Ojú tó tẹ̀lé e a fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, a ó wá èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, èyí tí a ti hun kọjá, tí ó ti jókòó sínú aṣọ.

“Má wo èyí tí ó wà lórí abẹ́rẹ́,” ni Àǹtí wí. “Wo abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o gbà wọlé.”

“Tí mo bá já ti òkè sílẹ̀ ńkọ́?”

“Já a sílẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ yóò gbé e.”

Ẹ̀rù bà mí láti já a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti fi kọ́ pé ojú kò gbọ́dọ̀ já. Ṣùgbọ́n mo fa òwú gba ìsàlẹ̀ jáde, mo yọ ti òkè kúrò lórí abẹ́rẹ́, ó sì jókòó jẹ́jẹ́ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, òwú méjì nínú ojú kan ṣoṣo. Ojú kan ní ẹ̀yìn, ojú kan ní ìsàlẹ̀, títí dé òpin, ká yí i padà ká tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo lọ tí mo bọ̀ bí ìgbà méjìlá, ebè bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Mo fi ìka mi tọ poro rẹ̀, ó jìn débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀. Aṣọ náà nípọn bí awọ àgùntàn, bí mo bá fà á sí ẹ̀gbẹ́ a nà, bí mo bá fi í sílẹ̀ a sún kì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ òwú, kì í sì í yára ga. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀sán Sátidé kan, gíga ohun tí mo hun kò ju ìka mẹ́rin lọ. Abẹ́rẹ́ mi sì tóbi jù lákọ̀ọ́kọ́, ó mú kí aṣọ náà dẹ̀ jù. Àǹtí gbé èyí tó tín-ín-rín fún mi, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún, mo sì tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tí kò sí nílé bó tilẹ̀ wà nílé. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹsẹ̀ Àǹtí ni mo ń lọ jókòó sí. Ìyá mi a pè mí pé kí n wá ṣa ẹ̀pà, màá ní ojú méjìlá péré ló kù. Á ní kí n lọ pọn omi, màá ní mò ń bọ̀. Bí mo bá fi máa dìde, ó ti pọn ún. Kò bá mi jà. Ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, á wo ọwọ́ mi, á sì yí padà. Nígbà kan ó ní, “Aṣọ náà dára,” bẹ́ẹ̀ ló lọ. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ mi. Nísinsin yìí tí mo ti gbó ju bí ó ṣe wà nígbà yẹn lọ, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sinmi níbẹ̀, pé kò sí ibòmíràn nínú ilé náà tó lè dúró sí láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ó ti ń jókòó lójijì nígbà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ọmọ odó á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan, pé ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ìkíni.

Òwú aláwọ̀ obì tán nígbà tí mo hun ẹ̀yìn aṣọ náà dé ìdajì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọkùnrin kan ará Àrán-Ọ̀rin yà kí Bàbá. Ọ́fíìsì kan náà ni òun àti ọkọ Àǹtí ti jọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ó ní wọ́n ti dé Ìlọrin, òun sì rí ọkọ Àǹtí níbi tó ti ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, òun àti ìyàwó tuntun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ìyàwó náà. Ó ti tó oṣù kan. Ìlọrin kò jìn sí wa, Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ náà kò tíì ránṣẹ́. Àǹtí fi omi fún àlejò náà, ó kí i, ó sì wọ yàrá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó pè mí, ó gbé púlóvà aláwọ̀ eérú náà lé mi lẹ́sẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù kí ó parí. Ó ní kí n di ìdí rẹ̀ mú. Ó wá orí òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà. Ó ń fà á, ó ń ká a mọ́ ọwọ́, púlóvà náà ń kúrú lórí ẹsẹ̀ mi títí ó fi tán. Kò sunkún. Ó kàn sọ pé òwú gidi ni, pé yóò móoru fún Ìyá Àgbà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Sátidé ni. Bàbá kò wálé nítorí ìdánwò. Ọyẹ́ ti mú kí ìsun tó sún mọ́ wa gbẹ, odò ìsàlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta. Mo wà nínú yàrá Àǹtí pẹ̀lú iwájú aṣọ náà lórí abẹ́rẹ́ mi. Ojú kan ti já láìjẹ́ pé mo mọ̀, ó sì ń tú lọ sísàlẹ̀ bí àkàbà. Bí irú ìhun yìí bá já, kì í rọrùn láti gbé, nítorí òwú méjì ló wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kì í mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ mú. Mo ń fi ìka mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti ẹ̀yìn.

“Dúpẹ́, gbé ìkòkò. Kò sí omi tí Ìyá Àgbà yóò fi wẹ̀.”

Mo gbọ́ ọ. Mi ò dáhùn. Ó tún pè lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àǹtí gbé ojú sókè, ó bi mí bóyá èmi kọ́ ni wọ́n ń pè. Mo ní wọ́n ti pọn omi tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ní kí n má lọ mọ́. Bí mo ṣe pa irọ́ náà nìyẹn, ó rọrùn fún mi, mi ò tilẹ̀ yí ojú kúrò lára òwú. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó pè, orúkọ mi nìkan ló pè. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró ìkòkò tó gbé fúnra rẹ̀.

Ìyá Ràfíátù, aládùúgbò wa, ló mú ìyá mi wálé. Ó ti ṣubú pẹ̀lú ìkòkò omi lórí ní ibi tí ọ̀nà odò ti ga jù. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti èjìká Ìyá Ràfíátù, aṣọ rẹ̀ tutù láti ọrùn, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú omi tó ń kán sílẹ̀ láti ìdí ìró rẹ̀. Àǹtí sáré wá ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi àti Ìyá Àgbà la kù nílé. Mo jókòó ti ẹní rẹ̀, mo ń bi í pé kí ló ṣe ìyá mi. Ó ní oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pé ọmọ tí ì bá tẹ̀lé mi ti padà. Mi ò mọ̀ pé oyún wà. Wọn kì í sọ irú rẹ̀ fún ọmọdé, Àǹtí náà kò mọ̀. Ìyá Àgbà mọ̀, ó sì ń gun ẹ̀yìn ìyá mi lọ sí balùwẹ̀ lójoojúmọ́. Ó sọ èyí fún mi fúnra rẹ̀, pé òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ojú sí ògiri.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi lò ní ilé ìwòsàn. Àǹtí wọ ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Iyán rẹ̀ ní kókó, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń jóná, Ìyá Àgbà ń jẹ ẹ́ láìwí nǹkan. Àǹtí pọ̀n ọ́n lọ sí balùwẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó ń mí gúlegúle. Èmi pọn omi láàárọ̀, mo pọn ún lọ́sàn-án, mo pọn ún nírọ̀lẹ́, mo pọn ún títí ìkòkò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ìyá mi dé, ó dùbúlẹ̀ ó sì kọ ojú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un, mo bá Àǹtí lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má bínú, Ìyá Dúpẹ́,” ni Àǹtí ń wí. “Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo fi iṣẹ́ ọwọ́ dá ọmọ yín dúró.”

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí Àǹtí sọ “ẹ” fún ìyá mi. Ìyá mi kò yíjú padà. “Ẹlẹ́yinjú, kò sẹ́ni tó fà á. Ó rẹ̀ mí ni. Ó ti ń rẹ̀ mí kí ẹ tó dé.”

Àǹtí gbé orí lé etí ibùsùn, ó sì sunkún, ẹkún gbogbo ohun tí kò tíì sunkún fún láti Kàdúná. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe Àǹtí, pé mo purọ́ fún un. Ẹ̀kọ ń jó mi lọ́wọ́, mo gbé e sílẹ̀, mo sì jáde. Láti ìgbà náà títí di òní, mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé wí nítorí irọ́, nítorí iṣẹ́ tíṣà ni èmi náà ṣe, kò sì sí ìgbà kan tí mo ṣe é tí ọwọ́ yẹn kò jó mi.

Ìyá Àgbà ló ní kí n gbé aṣọ náà wá. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti ká kò tọ poro rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti aláwọ̀ obì àti ti aláwọ̀ eérú. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò parí rẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, pé kí n parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé tán kí n tó mú un, ìlọ méjì àti àbọ̀ méjì lójúmọ́, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé àkàbà ojú tó já náà padà, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Ibẹ̀ wú díẹ̀ ní apá òsì, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò rí i. Nígbà tí Àǹtí rán iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ó di èwù aláìlápá tó dé ìbàdí, ó wúwo lọ́wọ́. Mo gbé e lọ síwájú Ìyá Àgbà, mo kúnlẹ̀. Ó gbà á, ó gbé e lé àyà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá a padà fún mi.

“Kì í ṣe èmi ni òtútù ń mú jù nínú ilé yìí,” ló wí. “Gbé e fún ìyá rẹ.”

Ìwọ̀n Ìyá Àgbà ni mo fi hun ún, ó sì kéré jù fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n irú ìhun yẹn máa ń nà. Ìyá mi wọ̀ ọ́, ó fẹ̀ mọ́ ọn lára, ebè rẹ̀ là díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì bá a mu. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lórí àga kékeré Àǹtí. Àǹtí ti lọ sódò. Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú abẹ́rẹ́ àti òwú tó ṣẹ́kù wá, kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun. Mo kọ́ ogún ojú sórí abẹ́rẹ́ fún un, mo hun ìlọ kan àti àbọ̀ kan, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ le, ó sì ti sán, òwú ń há sí i lára. Ó ń wo inú òwú, kò wò mí.

“Ṣé o gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?”

“Mo gbọ́ yín.”

“Mo mọ̀,” ló wí. Lẹ́yìn náà ó gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ojú. “Èwo ni ti ìsàlẹ̀?”

Mo fi hàn án. Mo sọ fún un pé èmi ni mo purọ́ fún Àǹtí, ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún Àǹtí, kì í ṣe fún òun, mo sì sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àǹtí kò nà mí. Ó kàn kúrò níwájú mi, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tún pè mí jókòó. Ó dúró pẹ̀lú wa títí ó fi rí iṣẹ́ tíṣà ní Òrò, kò sì padà sí ilé ọkọ. Ìyá mi kò lóyún mọ́. Kò bínú sí mi lójú ayé rẹ̀, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí n rí ibi gbé ẹ̀bi mi sí. Ìbínú ì bá tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ náà lórí àga kékeré, ó hun ojú mẹ́jọ. Mo ń kà á. Ojú kan ní ẹ̀yìn, ojú kan ní ìsàlẹ̀. Ní ìkẹsàn-án ó ti abẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀, kò sì fà á jáde. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn mọ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò nínú aṣọ òtútù náà. Oòrùn wà lójú ọ̀run gbangba. Mi ò mọ̀ pé bí ìyá mi ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ń sùn. Àwọn obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì yọ sí iwájú ilé láti wá kí i, wọ́n sì ti ń kágò. Ìyá Àgbà, tí wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì, gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wú sókè sí wọn. Ó ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

“Ìyàwó mi ń sùn,” ló wí.